Àpótí Ìbéèrè: Àwọn Géèmù Ọdún 2025, Èwo Ló Yẹ Kó Ṣíwájú?

Nínú ìtẹ̀jáde wa tó kọjá, a ní kí àwọn òǹkàwé tó ń gbá géèmù fi ìbéèrè ránṣẹ́ lórí àwọn tó jáde láàárín ọdún 2025. Lẹ́tà tó wọlé pọ̀ ju ohun tí ojú ewé yìí lè gbà lọ, nítorí náà mo ti da àwọn tó jọra pọ̀, mo sì ti gé ìkíni kúrú. Òṣùwọ̀n tí mo fi ń wọn géèmù kò ju méjì lọ, mo sì fẹ́ kí ẹ mọ̀ wọ́n kí ẹ tó bá mi jiyàn. Èkíní ni bóyá géèmù náà mọ iyì àkókò ẹni tó ń gbá a. Èkejì ni bóyá owó tí a san lẹ́ẹ̀kan ti tó, àbí ṣe ni wọn yóò máa nawọ́ sí wa títí ọdún yóò fi yí po. Ẹwà àwòrán kò sí nínú òṣùwọ̀n náà, nítorí pé kò sí ilé-iṣẹ́ tó lówó lọ́wọ́ lóde òní tí kò lè ya àwòrán tó rẹwà.

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo fẹ́ kí ẹ to géèmù márùn-ún tó dára jù lọ lọ́dún 2025 láti orí èkíní dé orí ìkarùn-ún, kí ẹ sì sọ ohun tó gbé èyí tó wà lókè dé òkè. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi "gbogbo wọn ló dára" dá mi lóhùn. (Òǹkàwé láti Abẹ́òkúta)

Ìdáhùn: Gbogbo wọn kọ́ ló dára. Clair Obscur: Expedition 33 ni mo fi sí ipò kìíní, Hollow Knight: Silksong wà ní ipò kejì, Blue Prince ní ipò kẹta, Split Fiction ní ipò kẹrin, Hades II sì wà ní ipò karùn-ún. Àlàfo ńlá wà láàárín ipò kìíní àti ipò kejì. Àwọn mẹ́ta tó gbẹ̀yìn sún mọ́ ara wọn débi pé bí ẹnikẹ́ni bá yí wọn po, n kò ní bá a fà á.

Ọjọ́ 24 oṣù Kẹrin ni Expedition 33 jáde. Sandfall Interactive, ilé-iṣẹ́ kan ní ìlú Montpellier ní ilẹ̀ Faransé, ló ṣe é, òun sì ni géèmù àkọ́kọ́ tí wọ́n ṣe. Guillaume Broche tó darí iṣẹ́ náà ti ṣiṣẹ́ ní Ubisoft, ilé-iṣẹ́ géèmù ńlá kan, kó tó kúrò lọ dá tirẹ̀ sílẹ̀, àwọn tó sì wà nídìí iṣẹ́ náà gan-an kò ju nǹkan bí ọgbọ̀n ènìyàn lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn àgbàṣe láti ìta bá wọn dá sí i. Ìtàn rẹ̀ dá lórí ìlú kan tí ń jẹ́ Lumière. Ní òdìkejì òkun tó yí ìlú náà ká, òkúta gàgàrà kan wà tí obìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Paintress máa ń kun nọ́ńbà sí lára lẹ́ẹ̀kan lọ́dún. Gbogbo ẹni tí ọjọ́ orí rẹ̀ bá bá nọ́ńbà náà mu yóò pòórá lójú àwọn ará ilé rẹ̀. Nọ́ńbà náà ń fi ẹyọ kọ̀ọ̀kan dín kù lọ́dọọdún, nígbà tí géèmù sì fi máa bẹ̀rẹ̀, ó ti kan àwọn ẹni ọdún 33. Lọ́dọọdún ni ọ̀wọ́ kan lára àwọn tó mọ̀ pé ọdún kan ṣoṣo ló kù fún àwọn máa ń wọ ọkọ̀ ojú omi lọ láti pa obìnrin náà, kò sì sí ọ̀wọ́ tó tíì rí i ṣe.

Àwọn baba wa ní àgbà kò sí nílùú, ìlú bàjẹ́. Baálé ilé kú, ilé dahoro. N kò tíì rí géèmù tó gba òwe yẹn gbọ́ tó báyìí, àwọn Faransé tó ṣe é kò sì mọ òwe náà rárá. Lẹ́yìn tí àwọn ẹni ọdún 33 ti lọ, ẹni ọdún 32 ni àgbà ìlú. Ilé tí wọ́n ti ń tọ́ àwọn ọmọ aláìlóbìí kún fọ́fọ́, àwọn tọkọtaya sì ń bá ara wọn jiyàn bóyá ó tọ́ kí wọ́n bí ọmọ tí wọn kò ní wà láyé láti tọ́ dàgbà. Àwọn ọ̀dọ́ ní láti di olùkọ́, oníṣègùn àti olórí ìlú kí wọ́n tó gbọ́n tó bẹ́ẹ̀, bí wọ́n bá sì ti gbọ́n tán, àkókò wọn ti pé. Ìpín ìbẹ̀rẹ̀ géèmù náà, níbi tí àwọn ènìyàn ti péjọ sí èbúté láti dágbére fún ara wọn, wà lára ohun tó lágbára jù tí mo rí lójú ẹ̀rọ lọ́dún náà, kò sì sí ìjà kankan tó ṣe pàtàkì nínú rẹ̀.

Ní ti ìjà, wọn kì í ya bo ara wọn. Ẹgbẹ́ kan á lu tirẹ̀ tán, ẹgbẹ́ kejì á wá lu tirẹ̀, gẹ́gẹ́ bó ti wà nínú àwọn géèmù ilẹ̀ Japan látijọ́. Ohun tí Sandfall fi kún un ni pé nígbà tí ọ̀tá bá ń lù yín, ẹ lè tẹ bọ́tìnì láti yẹ̀ ẹ́ tàbí láti dá a padà sí i, bí ẹ bá mọ ìgbà tí ọwọ́ rẹ̀ ń bọ̀. Nítorí èyí, ẹni tó ń dúró de ìgbà tirẹ̀ kò lè fi fóònù ṣeré. Nǹkan bí wákàtí 30 ni ìtàn náà gbà, ó sì parí: kò sí ohun tí wọ́n tún ń tà fún yín nínú rẹ̀, àádọ́ta dọ́là ni wọ́n sì dá lé e nígbà tí àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá ń béèrè àádọ́rin, tí Nintendo sì béèrè ọgọ́rin fún Mario Kart World. Àbùkù rẹ̀ náà kò farasin. Kò sí àwòrán ilẹ̀ láwọn ibi tí ìjà ti ń ṣẹlẹ̀, ènìyàn sì lè rìn yípo fún ìgbà pípẹ́ kó tó mọ̀ pé ibi tó ti wá ló tún padà sí. Àwọn agbára kéékèèké tí wọ́n ń pè ní Picto tún pọ̀ débi pé ṣíṣa wọn di iṣẹ́ lọ́tọ̀. Ní ọjọ́ 11 oṣù Kejìlá, ó gba àmì-ẹ̀yẹ mẹ́sàn-án níbi ayẹyẹ The Game Awards, títí kan ti géèmù tó peregedé jù lọ́dún náà.

Blue Prince yàtọ̀ sí gbogbo èyí. Ọmọkùnrin kan jogún ilé ńlá kan tí yàrá rẹ̀ jẹ́ 45, ṣùgbọ́n ìwé ìhágún sọ pé kò ní gbà á àfi tó bá rí yàrá 46. Bí ó bá ti di ẹnu ilẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan, ẹ ó yan ọ̀kan nínú yàrá mẹ́ta tí yóò wà lẹ́yìn rẹ̀. Bí ọjọ́ bá parí, gbogbo ilé náà á tú, ẹ ó sì tún un tò lọ́jọ́ kejì. Tonda Ros tó ṣe é lo nǹkan bí ọdún mẹ́jọ lórí rẹ̀. Ìwé àti kálámù ni ẹ nílò níwájú yín, torí pé àrokò gidi ni: ohun tí ẹ rí lára ògiri lónìí lè jẹ́ ìdáhùn sí ohun tí ẹ máa bá pàdé lọ́jọ́ mìíràn. Ohun tó fà á wá sí ipò kẹta ni oríire, nítorí pé ìgbà mìíràn wà tí ẹ ti mọ ìdáhùn tán, tí yàrá tí ẹ nílò kò sì ní yọjú. Ibẹ̀ ni kì í ti ka àkókò ènìyàn sí. Hades II, géèmù àwọn òrìṣà Gíríìkì, ní tirẹ̀ kò ní àbùkù tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tí Hades àkọ́kọ́ ti ṣe ló tún ṣe, tó sì ṣe dáadáa sí i.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, mo ní ṣọ́ọ̀bù géèmù ní Mọ́kọ́lá, n'Ìbàdàn. Láti àárọ̀ di alẹ́, géèmù bọ́ọ̀lù EA Sports FC 26 ni àwọn oníbàárà mi ń béèrè. Kò sí ẹnì kan tó tíì béèrè àwọn orúkọ gígùn gígùn tí ẹ̀yin oníwèé ìròyìn ń kọ. Ṣé géèmù tí gbogbo àdúgbò ń gbá kò yẹ kó wà lára márùn-ún ni?

Ìdáhùn: Ọ̀rọ̀ yín lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, n kò sì ní fi ọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. Lójú tèmi, géèmù méjì ló wà nínú díìsìkì kan náà. Ọ̀kan ni èyí tí àwọn oníbàárà yín ń gbá: ènìyàn méjì, páàdì méjì, ẹni tó bá pàdánù á dìde, ẹlòmíràn á jókòó. Ìyẹn dára púpọ̀. FC 26 tó jáde ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹsàn-án tilẹ̀ ya ọ̀nà ìgbábọ́ọ̀lù sí méjì, ọ̀kan tó yá kánkán fún àwọn tó ń bá ara wọn díje, èkejì tó rọra ń lọ bíi bọ́ọ̀lù orí pápá fún ẹni tó ń bá ẹ̀rọ gbá. Bí ó bá jẹ́ pé èyí nìkan ló wà nínú rẹ̀, ipò keje tàbí ìkẹjọ ni ǹ bá fún un, n kò sì ní rò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Géèmù kejì tó wà nínú rẹ̀ ni Ultimate Team. Níbẹ̀, ẹ ó máa fi owó gidi ra páálí tí ẹ kò mọ agbábọ́ọ̀lù tó wà nínú rẹ̀, ẹ lè rí Mbappé, ẹ sì lè rí ẹni tí kò wúlò fún yín rárá. Ní ọdún 2018, àwọn aláṣẹ ilẹ̀ Belgium wo irú nǹkan báyìí, wọ́n sì sọ pé tẹ́tẹ́ ni lábẹ́ òfin àwọn. Láti oṣù Kìíní ọdún 2019 ni EA, ilé-iṣẹ́ tó ṣe géèmù náà, ti dáwọ́ títa àwọn owó inú géèmù náà dúró níbẹ̀. Láwọn ibòmíràn, wọ́n ń tà á lọ. Èyí tó dùn mí jù ni pé ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù tí ènìyàn fi odindi ọdún kó jọ kì í bá a lọ sínú ẹ̀dà ọdún tó ń bọ̀. Á tún bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Géèmù tó bá ń ṣe bẹ́ẹ̀ kò mọ iyì àkókò wa, kò sì mọ iyì owó wa, òṣùwọ̀n méjèèjì ló já. Lọ́jọ́ kẹta lẹ́yìn tí FC 26 jáde, a gbọ́ pé wọ́n ti fẹ́ ta EA fún àjọ ìdókòwò ìjọba Saudi Arabia àti àwọn alábàáṣe méjì ní bílíọ̀nù 55 dọ́là. Ẹni tó bá ń ná irú owó bẹ́ẹ̀ yóò fẹ́ rí i gbà padà, n kò sì rò pé owó díìsìkì nìkan ni wọ́n ń wò.

Nítorí náà, ẹ máa bá iṣẹ́ yín lọ. Àwọn oníbàárà yín mọ ohun tó dára. Ẹ ṣáà bá mi kìlọ̀ fún àwọn ọ̀dọ́ àárín wọn pé kí wọ́n má fi káàdì báǹkì òbí wọn ra páálí nílé.

Ìbéèrè: Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí ní Ifẹ̀. Silksong ti sú mi. Ṣé kì í ṣe pé àwọn tó ń yìn ín kàn fẹ́ kí a mọ̀ pé ọwọ́ wọn yá? Kí ló dé tí géèmù fi ní láti le tó báyìí?

Ìdáhùn: Ohun tó ń bí yín nínú ní ẹ̀yà méjì, ẹ jẹ́ kí n yà wọ́n sọ́tọ̀. Ẹ̀yà kan ni líle ìjà fúnra rẹ̀. Hornet tí ẹ ń darí ní ẹ̀mí márùn-ún níbẹ̀rẹ̀, ọ̀pọ̀ ọ̀tá sì ń gba méjì lẹ́ẹ̀kan náà, èyí tó túmọ̀ sí pé bí wọ́n bá lù yín lẹ́ẹ̀mẹta, ó tán. Mo fara mọ́ èyí. Gbogbo ọ̀tá ńlá inú rẹ̀ ló ní àṣà tirẹ̀, wọn kì í ṣe màgòmágó, ẹni tó bá sì fara balẹ̀ wo bí ọ̀tá ṣe ń gbé ẹsẹ̀ yóò rí àyè tó yẹ kó wọlé. Ẹ̀yà kejì ni ìrìn tí ẹ máa rìn láti orí àga tí ẹ ti jí títí dé ọ̀dọ̀ ọ̀tá tó pa yín, lẹ́ẹ̀kan sí i, lẹ́ẹ̀kan sí i, láàárín ẹ̀gún àti àwọn kòkòrò tó ń fò. Ìrìn yẹn kò kọ́ ènìyàn ní ohunkóhun. Tìtorí rẹ̀ ni géèmù náà kò ṣe bá Expedition 33 du ipò kìíní lọ́wọ́ mi. Àwọn tó ṣe é pàápàá gbọ́ ariwo, torí pé láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan wọ́n dẹ díẹ̀ lára ohun tó le níbẹ̀rẹ̀ géèmù.

Ẹ jẹ́ kí n gbè wọ́n díẹ̀ ṣá. Team Cherry, ọwọ́ kékeré kan ní ìlú Adelaide ní Australia, ló ṣe Silksong. Wọ́n kéde rẹ̀ ní ọdún 2019, wọ́n sì fi àwọn olólùfẹ́ géèmù sí ìdúró títí di ọjọ́ 4 oṣù Kẹsàn-án 2025. Lọ́jọ́ tó jáde, àwọn ilé ìtajà orí íntánẹ́ẹ̀tì bíi Steam dákú nítorí èrò. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń ṣe géèmù kékeré ti sún ọjọ́ tiwọn síwájú kí ó má baà tẹ̀ wọ́n mọ́lẹ̀. Ẹni tí gbogbo ayé ń dúró dè tó báyìí lè béèrè iye tó wù ú, ogún dọ́là ni wọ́n sì béèrè. Ìyẹn wà lára ìdí tí mo fi gbé wọn sí ipò kejì. Bí ó bá ti sú yín, ẹ gbé e tì, kí ẹ gba ọ̀nà mìíràn nínú ilẹ̀ Pharloom. Ó fẹ̀ ju bí ẹ ṣe rò lọ, ọ̀tá tó dí ojú ọ̀nà kan kì í dí gbogbo rẹ̀.

Ìbéèrè: Èmi àti ọkọ mi ń gbé ní Peckham. Ó fẹ́ràn géèmù, èmi kò fi bẹ́ẹ̀ mọ̀ ọ́n. Èwo la lè jọ gbá? (Ìyá ìbejì, London)

Ìdáhùn: Split Fiction, ẹ má wo ibòmíràn. Hazelight ní Sweden ló ṣe é, ènìyàn méjì ló sì ní láti gbá a, ẹnì kan kò lè dá a gbá. Àwọn òǹkọ̀wé obìnrin méjì há sínú àwọn ìtàn tí ara wọn kọ, ọ̀kan fẹ́ràn ìtàn ọjọ́ iwájú àti ọkọ̀ òfúrufú, èkejì fẹ́ràn ìtàn iwin àti dírágónì, géèmù náà á sì máa gbé yín láti inú ti ọ̀kan bọ́ sínú ti èkejì. Bí ẹ bá kú, ẹ ó jí padà nítòsí, kò sì ní sí ìjà nínú ilé. Ẹnì kan ṣoṣo ló máa ra á; bí ẹnì kejì bá wà ní ilé mìíràn, ó lè gba ẹ̀dà ọ̀fẹ́ láti bá yín gbá. Ìtàn rẹ̀ kò jinlẹ̀, ìdí nìyí tó fi wà ní ipò kẹrin.

Ìbéèrè: Mo kà á pé wọ́n gba àmì-ẹ̀yẹ kan padà lọ́wọ́ Expedition 33 nítorí ọgbọ́n àtọwọ́dá. Ṣé ẹ ṣì fi sí ipò kìíní? (Òǹkàwé láti Èkó)

Ìdáhùn: Mo ṣì fi síbẹ̀. Àwọn tó ṣètò Indie Game Awards ló gba àmì-ẹ̀yẹ méjì padà ní oṣù Kejìlá, wọ́n sì gbé ti géèmù tó dára jù fún Blue Prince. Òfin wọn ni pé géèmù tí wọ́n bá lo irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ fún kò gbọdọ̀ wọ ìdíje náà, ó sì hàn pé àwọn àwòrán kan tí ẹ̀rọ yà wà nínú Expedition 33 lọ́jọ́ tó jáde, kí Sandfall tó yọ wọ́n kúrò lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn olùṣètò náà jàre, òfin tí wọ́n kọ ni wọ́n tẹ̀ lé. Ṣùgbọ́n kì í ṣe àwòrán ara ògiri tí wọ́n ti pààrọ̀ ni mo ń fún ní ipò. Ìtàn náà, orin tí Lorien Testard kọ fún un àti bí wọ́n ṣe ṣe ìjà rẹ̀ ni mo ń wò.

Ìbéèrè: Àbúrò mi ní Amẹ́ríkà fi PS5 ránṣẹ́ sí ọmọ mi tó jẹ́ ọmọ ọdún 11. Ọmọ náà ní Expedition 33 lòun fẹ́ nítorí pé ó gba ẹ̀bùn. Kí ni nọ́ńbà àti lẹ́tà ara páálí géèmù ń sọ gan-an? (Ìyá kan ní Òṣogbo)

Ìdáhùn: Ẹ má rà á fún un, Mà. Lẹ́tà M ni àjọ ESRB ti Amẹ́ríkà fún un, ìyẹn ni pé kò yẹ fún ẹni tí kò tíì pé ọdún 17. Àjọ PEGI ti ilẹ̀ Yúróòpù ní tiwọn ń lo nọ́ńbà: 3, 7, 12, 16 àti 18. Àwọn àmì wọ̀nyí wúlò fún ìwà ipá, ọ̀rọ̀ àlùfààṣá àti ìhòòhò. Ní ti owó, ojú wọn kò ríran tó. Balatro, géèmù káàdì kan tó jáde ní ọdún 2024, gba nọ́ńbà 18 lọ́wọ́ PEGI nítorí pé ó yá àwọn ìlànà póòkà lò, bẹ́ẹ̀ ni ẹnikẹ́ni kò lè fi kọ́bọ̀ kan ta tẹ́tẹ́ nínú rẹ̀. Lákòókò kan náà, géèmù bọ́ọ̀lù EA tí ń ta páálí tí a kò mọ ohun inú rẹ̀ gba nọ́ńbà 3. Ẹni tó ṣe Balatro pariwo, nígbà tó sì di oṣù Kejì ọdún 2025, PEGI sọ ọ́ di 12.

Fún ọmọ yín, ẹ ra Astro Bot. Kì í ṣe géèmù ọdún 2025, oṣù Kẹsàn-án 2024 ló jáde, òun náà sì ló gba ipò kìíní ní The Game Awards ọdún náà. Róbọ́ọ̀tì kékeré kan ń fò kiri láti wá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ìyá tó jókòó tì í pàápàá á rẹ́rìn-ín, kò sì sí ohun tí yóò máa béèrè owó nínú rẹ̀. Ẹ ṣe àkáǹtì ọmọdé fún un lórí ẹ̀rọ náà, kí ẹ sì má tọ́jú nọ́ńbà káàdì yín síbẹ̀.

Ìbéèrè: Mo ti wo ipò yín láti òkè dé ìsàlẹ̀. Faransé, Australia, Sweden, Amẹ́ríkà. Àwa ńkọ́? Hades II fi àwọn òrìṣà Gíríìkì ṣe géèmù méjì, tiwa ṣì wà nílẹ̀. (Òǹkàwé láti Houston)

Ìdáhùn: Tiwa kò kúkú wà nílẹ̀ tán. Olódùmarè, tí wọ́n pè ní Ọlọ́run níbẹ̀, àti Yemọja ti wà nínú géèmù ìjà SMITE láti ìgbà díẹ̀ sẹ́yìn, bí jagunjagun tí ènìyàn ń yàn láti fi bá àwọn òrìṣà ìlú mìíràn jà. Inú mi kò dùn sí i púpọ̀, nítorí kò sí ẹni tó bọ Olódùmarè rí kó wá rán an lọ jà ní gbàgede. Kí a fi òrìṣà wa sí inú géèmù kọ́ ni mo ń wá. Ohun tí àwọn tó ṣe Hades ṣe ni pé wọ́n jẹ́ kí àwọn òrìṣà náà jẹ́ mọ̀lẹ́bí, tí wọ́n ń jowú ara wọn, tí wọ́n ń bú ara wọn, tí wọ́n sì ń ran ọmọ ara wọn lọ́wọ́. Ẹni tó bá mọ ọ̀rọ̀ Ṣàngó, Ọya àti Ọ̀ṣun mọ̀ pé a kò ní láti wá irú ìtàn bẹ́ẹ̀ lọ síbi kankan.

Ohun tó ń dí wa lọ́wọ́ ni owó àti àkókò. Kiro'o Games ní Cameroon gbé Aurion jáde ní ọdún 2016. Ní ọdún 2024, Abubakar Salim, òṣèré ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ìran rẹ̀ wá láti Kenya, gbé Tales of Kenzera: ZAU jáde lórí ìtàn ọmọ tó ń ṣọ̀fọ̀ baba rẹ̀, ènìyàn sì lè fi èdè Swahili gbọ́ ọ. Géèmù náà dára, ṣùgbọ́n kó tó di ìparí ọdún yẹn, wọ́n ti ń sọ fún àwọn òṣìṣẹ́ pé owó kò sí mọ́. Ní Èkó, Maliyo Games ti wà lẹ́nu iṣẹ́ láti ọdún 2012, àwọn ló sì ṣe géèmù fóònù tó bá eré Iwájú ti Disney rìn. Kí ẹ fi èyí wé ọdún mẹ́fà tí Team Cherry fi jókòó ti Silksong lẹ́yìn ìkéde rẹ̀: owó géèmù wọn àkọ́kọ́ ni wọ́n ń jẹ lábẹ́ rẹ̀, kò sì sí ẹni tó lè lé wọn. Ẹni tó ń ṣe géèmù ní Yábàá kò tíì rí irú ìsinmi yẹn. Èyí tí mo retí jù lọ́dún 2025 ni Relooted, tí Nyamakop ti South Africa kéde ní oṣù Kẹfà 2025, níbi tí ẹ ó ti máa kó àwọn ohun ìṣẹ̀ǹbáyé Áfíríkà gidi jáde kúrò nínú àwọn mùsíọ́mù òkèèrè.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ọmọ ọdún 15 ni mí ní Ìlọrin. Fóònù nìkan ni mo ní, dátà sì wọ́n. Ṣé ohun kan wà fún èmi náà?

Ìdáhùn: Ó wà. Balatro tí mo sọ fún ìyá Òṣogbo níṣàájú wà lórí fóònù, dọ́là mẹ́wàá ni, ẹnì kan ṣoṣo tó fi orúkọ LocalThunk bojú ló sì ṣe é. Bí o bá ti gbà á sórí fóònù tán, kò nílò íntánẹ́ẹ̀tì mọ́, o lè gbá a nínú ọkọ̀ tàbí nígbà tí iná bá lọ. Bí owó bá jẹ́ ìṣòro, gba Vampire Survivors, ọ̀fẹ́ ni lórí fóònù, ìka kan ṣoṣo ni o máa fi darí rẹ̀, eré kan kì í sì í ju ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ. Ìpolówó ọjà wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ìwọ lo máa yàn bóyá o fẹ́ wò ó, bí o bá kọ̀ ọ́, géèmù á máa bá tirẹ̀ lọ. Gba Vampire Survivors ṣáájú, kó o fi Balatro sílẹ̀ di ìgbà ìsinmi.